Èébú Là Ń Gé, A Kì í Gé Èrò

Atọ́kùn ètò òṣèlú lórí rédíò ni mí, n'Ìbàdàn. Láàárọ̀, ará ìlú á pè, wọn á sọ tẹnu wọn, èmi á sì rí i pé ọ̀rọ̀ kò di ìjà.

Àwọn tó ṣáájú wa nídìí iṣẹ́ yìí kò ní olùpe kankan. Àpótí rédíò tí wọ́n fa wáyà sí láti ilé dé ilé, tó dé Èkó lọ́dún 1935, sọ̀rọ̀ títí, kò gbọ́ èsì. Nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dé, ìjọba nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Lóṣù Kẹwàá ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní èrú wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà, ló yẹ kó jáde lórí rédíò Ìbàdàn, àmọ́ ohùn mìíràn ni ará ìlú gbọ́. Wọ́n fẹ̀sùn kan òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká pé òun ló fi ìbọn pààrọ̀ téèpù ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Lójú tèmi, ibi tí ará ìlú kò bá ti ráyè fèsì, ipá ni ẹnì kan yóò fi wá àyè náà.

Òfin ọdún 1992 tó dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ló fàyè gba rédíò aládàáni. Fóònù alágbèéká GSM dé lọ́dún 2001, ni mẹkáníìkì, aláta àti ọlọ́kadà bá ń pè wá.

Ohùn olùpe kì í jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A máa ń dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ká lè ráyè tẹ bọ́tìnì tó ń gé ohùn. Ẹni tó ní ìjọba kò ṣe dáadáa, kó máa sọ ọ́ lọ. Ẹni tó ní ká lé ẹ̀yà kan kúrò lọ́jà, mo gé e. Ẹni tó pe olóṣèlú lólè, mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ rí i lójú yín, àbí wọ́n sọ fún yín ni?" Bí mo bá gé èèyàn, mo máa ń sọ ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rò pé tìtorí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ni.

Lọ́dún 2020, owó ìtanràn tí NBC gbé kalẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó bá gbé ọ̀rọ̀ ìkórìíra jáde kúrò ní ₦500,000, ó di ₦5,000,000. Ẹ̀rù owó yìí lè mú kí onílé-iṣẹ́ ní ká má gba fóònù mọ́. Mi ò fara mọ́ ọn, torí kì í ṣe olùpe nìkan ló lè fi rédíò dá ìjà sílẹ̀. Ní Rwanda lọ́dún 1994, àwọn òṣìṣẹ́ rédíò RTLM fúnra wọn ló ń rọ ará ìlú láti pa àwọn ẹ̀yà Tutsi. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ Rwanda dá àwọn tó wà nídìí rédíò náà lẹ́bi. Àwa tá a di gbohùngbohùn mú ló yẹ kí òfin kọ́kọ́ mú, kó tó kan olùpe.

Torí náà, kí onílé-iṣẹ́ àti olóṣèlú tó ń sanwó ìpolówó má fọwọ́ kan bọ́tìnì náà. Ẹni tí mo bá sì gé lónìí, bó bá pè lọ́la tí kò bú ẹnikẹ́ni, ó ní ẹ̀tọ́ sí àyè rẹ̀ bíi ti gbogbo olùpe yòókù.