Bí Àlejò Bá Dé sí Troyeville

Ẹ̀wà kì í tètè jinná ní Johannesburg. Ọ̀rọ̀ yìí ni obìnrin aránṣọ kan, ọmọ Ìbàdàn tó ti ń gbé ní àdúgbò Troyeville láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá, máa ń kọ́kọ́ sọ fún àlejò tó bá ti ilé dé. Àwọn kan á rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà o. Ìlú náà fi nǹkan bí 1,750 mítà ga ju ojú òkun lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Jọ́ọ̀sì tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí ìlú òkè kò ga ju nǹkan bí 1,200 mítà lọ. Níbi tó ga tó bẹ́ẹ̀, omi ti máa ń hó ní nǹkan bí 94 dígíríì, kò ní dúró dìgbà tó bá pé 100. Ẹ̀wà tí ẹ gbé kaná láàárọ̀, ọ̀sán lè pọ́n kó ṣì máa le koko nínú ìkòkò.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tún gbẹ. Ètè á máa bó, imú ẹlòmíì á máa ṣẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì sáré gun àtẹ̀gùn á mí hẹlẹhẹlẹ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ fún àwọn tó ń bọ̀ pé kí wọ́n gbé òrí dání, kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n sì fi ọjọ́ tí wọ́n bá dé sinmi. Láti oṣù June sí August, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lóru, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín, ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní ohun tó ń mú yàrá gbóná. Tó bá di October, òjò ọ̀sán á dé, pẹ̀lú àrá tó ń sán bí ìbọn, nígbà míì pẹ̀lú yìnyín tó ń ta pá-pá lórí páànù. Àárọ̀ ni kí àlejò jáde nígbà náà, kó sì ti wọlé kí aago mẹ́ta tó lù.

Àmọ́ ìyẹn ò tíì ṣòro. Èyí tó ṣòro ni ibi tí èèyàn á mú àlejò lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń béèrè Sandton àtàwọn ilé ìtajà ńlá ibẹ̀. Sandton dára, àmọ́ ẹni tó bá ti wọ ilé ìtajà ńlá tó wà ní Ìkẹjà ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà níbẹ̀. Troyeville ni obìnrin yìí máa ń fẹ́ kí wọ́n rí. Ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ni, ní ìlà oòrùn àárín ìlú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n rí góòlù lọ́dún 1886 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀. Títì ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Téèyàn bá dúró lókè, á rí ilé alájà mẹ́rìnléláàádọ́ta tí wọ́n ń pè ní Ponte lọ́ọ̀ọ́kán, bí òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Àwọn Potogí pọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn míì wá láti erékùṣù Madeira, àwọn míì sì wá láti Mòsáńbíìkì nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira lọ́dún 1975. Lẹ́yìn náà làwọn èèyàn láti Kóńgò, Sìǹbábúwè àti Nàìjíríà kún wọn.

Àlejò tó le jù tó gbà rí ni ìyá rẹ̀.

Ní oṣù September 2019, nígbà tí wọ́n ń kọ lu ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì ní Jeppestown, tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Troyeville, ìgbà mọ́kànlá ni Màmá pè é láàárín ọjọ́ kan. Ọkọ̀ òfuurufú Air Peace wá kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ padà sílé. “Wọkọ̀ náà, ọmọ mi,” ni Màmá ń wí. Kò wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, oníbàárà rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà nílé ìwé. Láti ọjọ́ náà, ìjà kékeré kan wà nídìí gbogbo ìpè wọn. Nígbà tí Màmá wá gbà láti wá kí i ní oṣù October kan, ó mọ̀ pé kì í ṣe ìgbádùn ló ń bá bọ̀. Ó ń bọ̀ wá wò ó ni, bóyá kó sì mú un lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó mú Màmá lọ síbi tó rẹwà, kó má sì jẹ́ kó fẹsẹ̀ rìn ní àdúgbò. Kò gbà. Ó ní ìyá tó bọ́ òun mọ ìgbà tí wọ́n bá ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún un.

Ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ìkíni. Láàárín àwọn Súlú, “sawubona” lèèyàn fi ń kí ẹnì kan, àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn tó pọ̀ ni, tàbí àgbàlagbà kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ bọ̀wọ̀ fún, “sanibonani” ni.

“Èyí jẹ́ pé àwọn náà ní ‘ẹ’?” ni Màmá bi í.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọ́n sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.”

Ìyẹn tẹ́ Màmá lọ́rùn ju ohunkóhun lọ. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, títí kan àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń dúró ní kọ́nà, tí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í wò lójú. Wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń pè é ní “Gogo,” ìyẹn Màmá àgbà.

Wọ́n lọ sí títì Albemarle, níbi tí Gandhi gbé ní nǹkan bí ọdún 1905, nígbà tó ń ṣe lọ́yà ní Johannesburg. Ibẹ̀ kò gba àkókò púpọ̀. Títì Eleanor ló gba àkókò. Ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àfọ́kù táìlì aláràbarà ṣe ọ̀ṣọ́ sára ògiri rẹ̀.

“Màámi, iwájú ilé yìí ni wọ́n ti yìnbọn pa ọkùnrin kan.”

“Lánàá?”

“Rárá o. Ọjọ́ kìíní oṣù May, 1989 ni.”

David Webster lorúkọ rẹ̀, òyìnbó, olùkọ́ ní yunifásítì Witwatersrand. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń ti àwọn èèyàn mọ́lé láì gbé wọn lọ sí kóòtù, ó wà lára àwọn tó ń ran òbí wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè wọ́n jọ láti mu tíì, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn nìkan kọ́. Ferdinand Barnard, tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ìkọ̀kọ̀ kan nínú iṣẹ́ ológun, ló pa á. Ọdún 1998 nilé ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi. Páàkì kan wà ní àdúgbò náà báyìí tó ń jẹ́ orúkọ Webster, àwọn ọmọdé sì ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.

Màmá na ọwọ́, ó fi kan àwọn àfọ́kù táìlì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àwọn òbí tó ń fún ní tíì, ṣé wọ́n rí ọmọ wọn padà?”

“Àwọn kan rí i, Màámi.”

Kò bèèrè mọ́.

Ìsàlẹ̀ òkè ibẹ̀ ni pápá Ellis Park wà, níbi tí Nàìjíríà ti pàdé Ajẹntínà ní June 12, 2010. Góòlù kan sí òdo ni wọ́n fi nà wá, àmọ́ Vincent Enyeama ni wọ́n fi joyè ẹni tó gbayì jù lọ́jọ́ náà, nítorí ó mú bọ́ọ̀lù Messi títí ó fi sú u. Nílé wọn ní Mọ́kọ́lá, Bàbá tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ìdíje náà. Bàbá ti kú báyìí. “Ibí gan-an ni?” ni Màmá wí, ó sì ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò.

Fọ́tò yẹn náà gba ọgbọ́n. Èèyàn á yára yà á, á sì dá fóònù padà sínú báàgì, torí ìjánu fóònù kò ṣòro fún àwọn olè ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọkọ̀ ni kí èèyàn wọ̀, kò níí fẹsẹ̀ rìn. Kò yẹ kí àlejò dá lọ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ. Takisí ibẹ̀ dà bíi dáńfó, àmọ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń pè é: ìka kan tó nà sókè túmọ̀ sí àárín ìlú. Ẹni tó bá sì jókòó níwájú ló máa ń gba owó jọ, tó ń fún wọn ní ṣéńjì, nítorí náà kí ẹni tí kò mọ ìṣirò jókòó sẹ́yìn.

Ọjà Yeoville ni Màmá ti bọ́ sí ipò rẹ̀ pátápátá. Ó rí ẹja gbígbẹ, ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó bá obìnrin ará Kóńgò kan ná an láìgbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tí wọ́n gbé pápù àti mogodu wá fún un, ó ní túwó àti ṣàkì lásán ni, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà. Ó jẹ ẹ́ tán.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa lọ, ọmọ rẹ̀ ń bá a di ẹrù, ó ń retí ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

“Pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ó ṣì wúlò?”

“Ó ku ọdún méjì, Màámi.”

“Ibo lo ń tọ́jú ẹ̀ sí?”

Ó fi hàn án, nísàlẹ̀ àpótí aṣọ. Màmá kó o jáde, ó fi sínú báàgì kékeré kan pẹ̀lú owó díẹ̀, ó sì gbé e kọ́ sára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn. “Bó o bá ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀,” ló wí, “má wá ní June. Kó o sì kọ́ ‘sanibonani’ kó o tó wá, kí wọ́n má bàa rò pé a ò tọ́ ọ.”