Ta Ló Ń Jẹ́ Fanákúlà?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ọmọ jẹ́léósinmi pàápàá mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni vernacular, tí gbogbo wa ń pè ní fanákúlà.

Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, mọ́nítọ̀ máa ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sápá kan, ti àwọn tó sọ fanákúlà sápá kejì. Náírà 10 ni owó ìtanràn. Ẹni tí kò bá lówó á kúnlẹ̀. Àmọ́ tí ẹnìkan bá sọ Faransé, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa fún un! Yorùbá nìkan ló ń jẹ́ fanákúlà.

Ní sáà tó kọjá, mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà ní láíbìrì wa. Fanákúlà kò túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ rírùn, kò sì túmọ̀ sí àìmọ̀wé. Èdè tí àwọn ará ibì kan ń sọ láàárín ara wọn ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ló dá mi dúró. Látinú Látìnì ni, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́. Verna ni wọ́n ń pe ẹrú tí wọ́n bí sínú ilé olówó rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Inú rẹ̀ ni vernaculus ti jáde: ohun ìbílẹ̀, ohun tí a kò kó wá láti òkèèrè. Ní nǹkan bí ọdún 1600 ló wọ inú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ fanákúlà rí! Láyé ìgbà kan, Látìnì ni èdè àwọn ọ̀mọ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé àti ọjà. Nígbà tí William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1526, Jámánì ló ti tẹ̀ ẹ́, torí pé àyè kò gbà á nílé. Isaac Newton tí à ń kọ́ òfin rẹ̀ ní físíìsì, Látìnì ló fi kọ òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 1687. Ìgbà tó di 1704 ló tó gbé ìwé rẹ̀ lórí ìmọ́lẹ̀ jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé fanákúlà sọ Newton di olódo?

Àwa náà ti dán an wò nílé. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ mìíràn, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì náà. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. WAEC ń bọ̀, Gẹ̀ẹ́sì la ó sì fi ṣe é. Ká máa fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ ní kíláàsì dáa. Orúkọ yẹn ni mo ń bá jà.

Yorùbá ní orúkọ tirẹ̀ fún irú èdè yìí: èdè abínibí. Ẹ wò ó dáadáa: ìbí wà nínú verna, ìbí wà nínú abínibí. Àmọ́ ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìbí ẹrú nílé olówó. Ti ẹ̀kejì jẹ́ ìbí ọmọ nílé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà ní ibi ò ju ibi, bí a ṣe bí ẹrú la bí ọmọ, torí náà n kò fi ẹrú ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn ń béèrè ni: ta ló ni ilé yìí gan-an, tí èdè wa fi di ẹrú inú rẹ̀?

Ẹ̀yin prífẹ́ẹ̀tì wa, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ orúkọ, ẹ kọ “Kò Sọ Gẹ̀ẹ́sì” sórí ìwé yín. Ohun tí ọmọ náà ṣe nìyẹn. Yorùbá kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.