Rírí Ló Ń Ṣáájú Ayọ̀

Bí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà bá kù sí dẹ̀dẹ̀, aláàdìrẹ a máa ronú nípa ibi tí yóò pàtẹ sí. Ẹni tó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ra aṣọ àti aró mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ èrò kò bá dé ìdí àtẹ òun, gbèsè ni òun yóò gbé relé.

Àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961 mọ ọgbọ́n yìí. Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò fi iṣẹ́ wọn mọ sínú ọgbà yunifásítì. Agbègbè ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n lọ, nínú ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì kan tẹ́lẹ̀. Èrò wà nítòsí; àgbàlá sì wà nínú ilé tí ènìyàn lè dúró sí wo àwòrán àti eré.

Ohun méjì tí olùpàtẹ gbọ́dọ̀ wá nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà gan-an lè kún fún èrò, síbẹ̀ kí wọ́n máa sáré kọjá. Ìkọ̀kọ̀ lè tutù, kí ẹnikẹ́ni má dé ibẹ̀. Ibi tí èrò ti ń rọra rìn ló sàn jù.

Nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ dá irú ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, "Mbari", ọ̀rọ̀ Igbo, di "Mbárí Mbáyọ̀" lẹ́nu ará ìlú: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Iṣẹ́ ọnà tí ojú kò rí, ta ni yóò yọ̀ sí i?