Bí Dókítà Bá Ní Sẹ́ẹ̀lì Funfun Ọmọ Yín Kéré

Bí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà, kéré, ẹ má tíì pariwo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní London ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé ilé wa ní Ìsàn-Èkìtì, àwọn kan ti ń pè é ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Dókítà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó tún àyẹ̀wò náà ṣe ló sọ pé àjogúnbá lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Jíìnì ni àṣẹ tí a jogún lára bàbá àti ìyá, tó ń darí bí ara yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Duffy. Orúkọ aláìsàn kan ni wọ́n fi sọ ọ́ ní 1950. Bí ara bá fẹ́ pe àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jọ, ó máa ń rán iṣẹ́, bí ìgbà tí akéde bá lu agogo. Duffy ló ń gba iṣẹ́ náà mú. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwa Yorùbá, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì yìí, Duffy kò sì sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa mọ́. Ní 1976, Louis Miller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìdí nìyí tí irú ibà kan, vivax, kì í fi í sábà rí ọ̀nà wọlé sí wa lára.

Ní 2008, àwọn onímọ̀ tún rí i pé ẹni tó jogún ìyípadà yìí lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ máa ń kéré nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ bá ka àwọn ọdẹ lójú ọjà, díẹ̀ lẹ ó rí. Àwọn yòókù wà nínú igbó.

Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà pé Yorùbá ni yín, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò Duffy. Àwọn kan wà tí wọ́n ti tìtorí iye yìí dín oògùn jẹjẹrẹ wọn kù. Ẹ tọ́jú èsì àyẹ̀wò àtijọ́ pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń ṣe ọmọ léraléra, tí egbò kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ní àjogúnbá ni. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má sì pa nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tì, nítorí Duffy kò dí ọ̀nà mọ́ falciparum, ibà tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa.