Ọmọ Tó Ní "Báwo Lẹ Ṣe Mọ̀?"



Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé wa níbí. Òbí á sọ̀rọ̀, ọmọ á ní, "Dádì, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Kíá, ojú á ti le: àfojúdi nìyẹn! Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn nọ́mbà kan dá sí i.

Nọ́mbà náà nìyí: 147573952589676412927. Ẹ kọ 2 nígbà 67, ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kí ẹ wá yọ 1 kúrò, òun lẹ ó rí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mọ̀ pé 15 jẹ́ 3 lọ́nà 5, ṣùgbọ́n 13 kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ní 1644, àlùfáà Faransé kan, Marin Mersenne, kọ ọ́ sínú ìwé pé bíi 13 ni nọ́mbà ńlá yìí rí. Ọ̀mọ̀wé tó lókìkí ni, àmọ́ kò fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ní 1876, lẹ́yìn ọdún 232, Édouard Lucas, Faransé bíi tirẹ̀, fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó ṣeé pín. Ṣùgbọ́n Lucas kò rí àwọn nọ́mbà tó pín in.

Báwo nìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀? Àwa oníṣirò owó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní Èkó, kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ́fíìsì wa, ọwọ́ la fi ń kọ lẹ́jà. Tó bá di ìparí oṣù, a ó ro apá ọ̀tún, a ó ro apá òsì. Bí wọn ò bá dọ́gba, a ti mọ̀ pé àṣìṣe wà. Ibi tó wà ńkọ́? Ìyẹn lè gba ọjọ́ mẹ́ta! Ọ̀gá mi kan ló kọ́ mi pé kí n kọ́kọ́ fi 9 pín ìyàtọ̀ náà. Bí kò bá ṣẹ́ kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti kọ 54 sípò 45.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1903, níbi ìpàdé American Mathematical Society ní New York, Frank Nelson Cole mú ìdáhùn wá: 193707721 lọ́nà 761838257287. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé kò la ẹnu rárá. Ó ṣe ìṣirò náà sójú pátákó, ó bára mu, ó jókòó, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Wíwá nọ́mbà méjì yẹn le bí òkúta. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi pẹ́ńsùlù yẹ̀ ẹ́ wò, láìjẹ́ pé ó gba Cole gbọ́ torí oyè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bèèrè ẹ̀rí kò rí wa fín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ fi bí ẹ ṣe mọ̀ hàn án. Bí ẹ kò bá tíì mọ̀, ẹ jọ wá a. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ fọ̀wọ̀ bèèrè o! Ẹnu lásán kọ́ la fi ń já àgbà nírọ́; Lucas mú ẹ̀rí dání.

Iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ ro ẹyọ nọ́mbà inú 193707721 pọ̀: 37. Ẹ ro 3 àti 7: 10. Ẹ ro 1 àti 0: 1. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì àti fún nọ́mbà ńlá náà. Bí ẹ kò bá rí 1 lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ṣìrò. Bí ẹ bá rí i, ó kù kí ẹ ṣe ìsọdipúpọ̀ gidi, torí ọgbọ́n yìí lè tú àṣìṣe fó, ṣùgbọ́n kò tó ẹ̀rí. Ẹ mú bébà yín wá sípàdé. Èmi náà á mú tèmi wá.