Orúkọ Gígùn, Orúkọ Kúkúrú àti Bọ́ọ̀lù 100

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe méjèèjì yìí ni èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ti ń fi bá ara wa jiyàn láti oṣù kẹrin ọdún 2018. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Ènìyàn 11 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹni tí ó wà ní òdìkejì á fi pátákó gbá a, kí ó má baà ba igi mẹ́ta tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá gbá a jìnnà, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ á sáré pààrọ̀ ipò, àmì á sì máa wọlé fún wọn. Ìjù mẹ́fà ni a ń pè ní ófà kan. Èyí tí ó gùn jù, tí orílẹ̀-èdè méjì fi ń dán ara wọn wò, ń gba ọjọ́ márùn-ún. Àwọn káúńtì 18 tí wọ́n ní ẹgbẹ́ ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ń fi ọjọ́ mẹ́rin gbá tiwọn. Wọ́n á jẹun ọ̀sán, wọ́n á mu tíì, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo ọjọ́ náà pé kí ẹnikẹ́ni má borí.

Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn ni Bàbá Àgbà ti kọ́ eré yìí, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Kíríkẹ́ẹ̀tì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ: ní ọdún 1904 ni ẹgbẹ́ Èkó àti ti Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ti pàdé lórí pápá. Nígbà tí wọ́n dé London, tí òtútù ń mú wọn, tí wọn kò sì tíì mọ ẹnikẹ́ni, orí bẹ́ǹṣì pápá káúńtì ni wọ́n ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ènìyàn kì í jókòó ti ẹlòmíràn fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n má kí ara wọn.

Wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gé eré náà kúrú. Ní ọdún 1963 ni àwọn káúńtì bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí ó ń parí lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 1971, lẹ́yìn tí òjò ti ba ìdíje ọlọ́jọ́ púpọ̀ jẹ́ ní Melbourne, Australia àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá irú rẹ̀ àkọ́kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì. Ní ọdún 2003, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé e sí ófà 20, èyí tí í ṣe ìjù 120 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kígbe pé eré ti kú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2007 India gba ife àgbáyé àkọ́kọ́ ti ófà 20, nígbà tí ó sì di 2008 wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí omi òjò.

Nígbà náà ni àjọ tí ń darí kíríkẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales kéde ní 2018 pé àwọn yóò tún gé e sí ìjù 100. Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ó wáyé ní 2020, ó di 2021. Wọ́n pè é ní The Hundred. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni wọ́n dá sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn ìjù mẹ́wàá ni wọ́n ń yí igun padà, ẹnì kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ ju ju 20 lọ. Wákàtí méjì àbọ̀, ó parí.

Bàbá Àgbà bínú. Wọ́n ní, “Ṣé nítorí ìjù 20 péré ni wọ́n ṣe fẹ́ da ilé rú? Èyí tí ó ní 120 ti wà nílẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.” Ẹjọ́ wọn kejì wúwo ju èyí lọ. Àwọn pápá ńlá mẹ́jọ ni ẹgbẹ́ tuntun wọ̀nyí fi ṣe ilé. Káúńtì bíi Somerset, Kent àti Essex kò rí ọ̀kan gbà sí pápá wọn. Oṣù kẹjọ, tí oòrùn ń ràn tí àwọn ọmọ sì wà nílé, ni wọ́n fún àlejò náà. Ọ̀pọ̀ nínú eré ọlọ́jọ́ mẹ́rin wá bọ́ sí oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún àti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òtútù wà níta.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. Láti ìparí ọdún 2005 ni ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún tí wọ́n ń gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè wò láìsan owó àkànṣe. Ọmọ tí kò rí i, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn rẹ̀? Ní 2021 BBC gbé díẹ̀ nínú The Hundred jáde fún gbogbo ayé. Èkejì, àwọn obìnrin ni wọ́n ṣí i, ní pápá The Oval, ní ọjọ́ 21 oṣù keje. Iye kan náà ni ẹ̀bùn ìdíje tọkùnrin tobìnrin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Mo ní ọmọbìnrin. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 mo mú àwọn méjèèjì lọ sí The Oval. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Bàbá Àgbà di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ dání bí ẹni tí yóò sùn síbẹ̀. Wọn kò tíì jẹ ìdajì rẹ̀ tí eré àwọn obìnrin fi parí. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ìbéèrè: kí ló dé tí bọ́ọ̀lù yẹn fi yí nílẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi lé ẹni yẹn jáde? Wọ́n ń dá a lóhùn, ojú wọn sì ń dán. Mo rò nínú ara mi pé mo ti borí.

Nígbà tí a ń padà sílé nínú ọkọ̀ ojú irin, ọmọ náà béèrè pé, “Bàbá Àgbà, ọjọ́ márùn-ún! Kí ni wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ ṣe?”

Bàbá Àgbà wò ó. Wọ́n ní, “Kí ni orúkọ rẹ?”

“Bùnmi ni, sà.”

“Bùnmi wo?”

Ọmọ náà wo ojú mi. Kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè wa, ẹ mọ ohun tí Bàbá Àgbà ń sọ. Bí Adé bá ṣáájú rẹ̀, ilé ọba ni; bí Ifá bá ṣáájú, ilé awo ni; bí ó bá jẹ́ Ọdẹ́bùnmi, ilé ọdẹ ni. Àyànbùnmi ni ọmọ mi, nítorí ilé onílù ni wá. Ṣùgbọ́n nítorí kí ó lè rọrùn fún àwọn olùkọ́ rẹ̀, Bùnmi nìkan ni mo kọ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Èmi tí mo ń wàásù èdè Yorùbá fún ọmọ ọlọ́mọ, n kò sọ gbogbo orúkọ ọmọ mi fún un. Ojú tì mí nínú ọkọ̀ náà. Bàbá Àgbà kò sọ ohun kankan mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun àtimáa sọ pé kíkúrú dára tàbí pé kò dára. A kò dá ẹ̀ṣẹ̀ nígbà tí a bá pe ọmọ ní Bùnmi. Ẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí kò bá sí ẹni tí yóò pe Àyànbùnmi mọ́. Nígbà tí eré kúkúrú bá mú ọmọ wọlé, ó ṣe iṣẹ́ rere. Nígbà tí ó bá gba oṣù tí ó dára jù lọ́wọ́ eré gígùn, tí ó tì í sínú òtútù, ó yẹ kí a béèrè ta ni yóò máa rántí orúkọ náà.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, Bàbá Àgbà pè mí lórí fóònù. Àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọdún 19 ti na New Zealand nínú ìdíje ife àgbáyé ní Kuching, ní orílẹ̀-èdè Malaysia, àmì 65 sí 63. Eré ófà 20 ni, òjò sì tún gé e kù sí 13. Bàbá Àgbà ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Òjò mọ ohun tí ó ń ṣe.” Ní ọdún kan náà ni wọ́n ta ìpín nínú àwọn ẹgbẹ́ The Hundred fún àwọn olówó, tí àwọn tó ni ẹgbẹ́ nínú líìgì India wà lára wọn. Owó náà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn káúńtì. Bóyá wọn yóò fi tọ́jú èyí tí ó gùn, a óò máa wò ó.

Ní ti Àyànbùnmi, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Bàbá Àgbà mú un lọ wo eré ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Aṣọ ìbora ni wọ́n dì dání nítorí òtútù. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì fún nǹkan bí wákàtí kan. Nígbà tí ó jí, ó wo pápá, ó sì fa apá Bàbá Àgbà.

“Bàbá Àgbà, ẹni yẹn ṣì wà níbẹ̀!”

Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Àyàn. Ó ṣì wà níbẹ̀.”

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni orúkọ yín ní kíkún? Ire o.