Ọkọ̀ ojú irin wà ní Ìjẹ̀bú-Òde o, inú yàrá mi ló ń gbé

1/ Ẹ̀yin ará mi, ẹ wá ibi jókòó, thread gígùn ni. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, ọkọ̀ ojú irin kankan ò wọ Ìjẹ̀bú-Òde rí. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ọ̀kan ti ń sáré níbí. Orí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́jọ ló wà nínú yàrá mi. Bátìrì ló ń lò, kì í dúró de NEPA.

2/ Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Màmá mi ti sọ ọ́ ṣáájú yín: “Ọmọ tó kàwé gboyè, páálí ló ń lẹ̀ kiri.” Ẹ fara balẹ̀ ná. Módẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pe ohun tí mò ń ṣe yìí, kì í ṣe ọkọ̀ ìṣeré tí a ń rà fún ọmọdé nígbà Kérésì. Tí ọkọ̀ ìṣeré bá ṣáà ti ní táyà, ó ti tó. Ní ti módẹ́ẹ̀lì, o gbọ́dọ̀ mọ tẹ́ṣàn tó o fẹ́ ṣe àti ọdún tó o fẹ́ ṣe. Ìbú ojú irin, gíga òrùlé, ibi tí fèrèsé wà, gbogbo rẹ̀ lo máa wọ̀n, tó o máa sọ di kékeré.

3/ Àwọn ará Írẹ́lándì ló kó bá mi. Iṣẹ́ content ni mò ń ṣe, mo máa ń ya fídíò fún àwọn aláṣọ, olóúnjẹ àti àwọn tó ń ṣe òde. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mò ń wá bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan kékeré kó lè dà bíi ńlá. YouTube bá gbé ọkùnrin ará Írẹ́lándì kan wá, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì to òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín ojú irin tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Mo jókòó tì í di ìdájí.

4/ Kì í ṣe ẹwà rẹ̀ ló mú mi, wàhálà wọn ni. Ẹ gbọ́. Ìbú ojú irin ní Írẹ́lándì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 3, ìyẹn mílímítà 1,600. Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó múlé tì wọ́n jẹ́ 1,435. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ módẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń ṣe. Ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà fẹ̀ ní mílímítà 16.5. Ní òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, níbi tí nǹkan gidi ti tóbi ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po 76, mílímítà 21 ló yẹ kí ti Írẹ́lándì jẹ́.

5/ Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò burú. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ ara wọn kan ojú irin 21 náà, igi kọ̀ọ̀kan, irin kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún gbọọrọ, tó o bá fẹ́ ọkọ̀ Írẹ́lándì nínú ilé rẹ, kó o fọwọ́ ṣe é, tàbí kó o ra ti Gẹ̀ẹ́sì kó o fi ọ̀dà mìíràn kùn ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Murphy Models àti Irish Railway Models dé, tí wọ́n ń ṣe ti ilẹ̀ wọn gan-an fún títà.

6/ Mo wá bi ara mi pé: tiwa ńkọ́? Mo wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí ẹni tó ń tà á. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ìbú ojú irin àtijọ́ tí òyìnbó tẹ́ láti Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, ìyẹn mílímítà 1,067. Tóóró ni, torí tóóró ò gbówó lórí tó fífẹ̀. Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, ní 1907 ó dé Òṣogbo. (Tuntun tó ń ti Èkó lọ Ìbàdàn, tí ìjọba ṣí ní oṣù kẹfà 2021, 1,435 ni tirẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀.)

7/ Mo pín 1,067 sí ọ̀nà 64. Kí ló jáde? 16.67! Ojú irin 16.5 tó kún ọjà yẹn ni o, tó há jù fún ará Írẹ́lándì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa mu rẹ́gí. Mo pariwo lóru ọjọ́ náà, àbúrò mi rò pé mo rí ejò. Mo padà rí i pé àwọn ará South Africa àti New Zealand, tí irin tiwọn náà jẹ́ 1,067, ti ń lo òṣùwọ̀n 64 yìí tipẹ́. Ọ̀nà ti wà nílẹ̀ ṣáájú mi.

8/ Ẹ lè ní, kí ló kan Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè? Ẹ wo máàpù. Irin yẹn gba Abẹ́òkúta lọ Ìbàdàn, ó yà wá sílẹ̀. Ní 1892 ni Gẹ̀ẹ́sì bá wa jà ní Ìmàgbọ̀n nítorí ọ̀nà òwò. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irin. Mi ò sọ pé torí ìjà yẹn ni wọn ò fi gba ọ̀dọ̀ wa o, bí ọdún ṣe tẹ̀lé ara wọn ni mò ń sọ. Àwọn baba wa ṣáà ń ru ẹrù lọ Ẹ̀jìnrìn, wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Èkó. Ní 2014 ìjọba bá ilé-iṣẹ́ China tọwọ́ bọ̀wé lórí rélùwéè etí òkun, Èkó sí Calabar, orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde wà lára ibi tó máa gbà. Títí mo fi ń kọ èyí, a ṣì ń wọnà.

9/ Ṣùgbọ́n tí irin ò bá wọ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú wọ inú irin. Rélùwéè ni bàbá tó bí màmá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Síginà ló ń fà, ní tẹ́ṣàn kékeré kan láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. (Ẹ ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá parí.) Ó ti pé ẹni ọdún 87 báyìí, ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Tẹ́ṣàn yẹn ni mò ń kọ́.

10/ Àwòrán mélòó kan tí mo rí, iwájú nìkan ló fi hàn. Ẹni tó yà wọ́n, ẹ́ńjìnnì ló ń wò. Kò sẹ́ni tó ya ẹ̀yìn ilé. Mo gbé páálí mi lọ bá Bàbá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀kùn mélòó ló wà lẹ́yìn tẹ́ṣàn yín?”

Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, “Àbẹ̀kẹ́, láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa bi mí.”

Wákàtí mẹ́ta la fi jókòó. Wọ́n sọ ibi tí táǹkì omi wà, wọ́n sọ igi tí àwọn ìyá ẹlẹ́kọ ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ ẹni tó máa ń sáré jù nínú wọn tí ọkọ̀ bá dé.

11/ Wọ́n tún sọ̀rọ̀ tábílẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń wo fíìmù o. Ojú irin kan ṣoṣo ni, òun ni ọkọ̀ ń bá lọ, òun ni wọ́n ń bá bọ̀. Kí wọ́n má baà forí gbárí, ẹ̀rọ kan wà ní tẹ́ṣàn méjèèjì tó kọjú síra. Irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ló máa ń jáde nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Dẹ́rẹ́bà tí kò bá ní irin yẹn lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ gbéra. Wọ́n á kó o sínú òrùka ńlá kan, Bàbá á na apá, dẹ́rẹ́bà á na tiẹ̀ lójú fèrèsé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá. Àpá kan wà lápá ọ̀tún Bàbá tí gbogbo wa ti ń rí láti kékeré, tẹ́nì kankan ò béèrè. Òrùka yẹn ló nà wọ́n.

12/ Bí mo ṣe ń ṣe é, fún ẹni tó fẹ́ gbìyànjú: ojú irin àti mọ́tò nìkan ló ti òkè òkun wá, ẹ̀gbọ́n mi kan ló gbé e bọ̀. Ìyókù, Òkè-Àjẹ ni. Páálí bàtà ni ògiri. Agolo mílíìkì ni òrùlé: mo gé e, mo fi eyín òòyà fa ìlà sí i lára kó lè dà bíi páànù. Ìyẹ̀fun pákó tí káfíńtà ń dà nù ni koríko, tí mo bá ti fi ọ̀dà ewé pò ó. Ilẹ̀ pupa ẹ̀yìnkùlé wa tí mo jọ̀ ni ilẹ̀ tẹ́ṣàn, ó sì pupa ju èyíkéyìí tó wà nínú fídíò òyìnbó lọ. Ní òṣùwọ̀n yìí, èèyàn ò ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Mo ti gbẹ́ ọ̀kan tó na apá ọ̀tún.

13/ Ọkùnrin kan wà ní Dublin tẹ́lẹ̀, Cyril Fry. Ibi iṣẹ́ rélùwéè ní Inchicore ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lónìí míúsíọ̀mù kan wà ní Malahide tí wọ́n kó wọn sí. Àwa náà ní Jaekel House ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí wọ́n tún ṣe ní 2010. Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sí ìwé mẹ́ta gbàǹgbà. Ẹ lọ síbẹ̀, ó dáa. Ṣùgbọ́n ibi tí ìyá ẹlẹ́kọ ń jókòó, orí àwọn bàbá wa ló wà.

14/ Orí yẹn sì ti ń gbàgbé. Ní oṣù kìíní, Bàbá ní ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn tẹ́ṣàn. Ní oṣù kejì, wọ́n ní méjì. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, inú bí wọn, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ń purọ́ ni. Mẹ́ta ni mo gé sára páálí náà. Mo sì fi bírò kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ mẹ́ta àti ọjọ́ tí wọ́n sọ méjì sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn méje ni wọ́n jọ ń ṣèpàdé àwọn tó fẹ̀yìn tì, ó ku Bàbá àti ẹnì kan, ẹni náà ò sì gbọ́ràn mọ́.

15/ Àwọn kan ní kí n fi í sílẹ̀, kí n máa ṣe skit, ibẹ̀ lowó wà. Òótọ́ ni. Owó tó ń wọlé lórí fídíò tẹ́ṣàn yìí ò ra dátà ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n skit ò ní lọ síbì kankan, á bá mi lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ará Írẹ́lándì rí ìwé àti àwòrán wò ní tiwọn. Ní tèmi, Bàbá ni àwòrán ilé náà.

16/ Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ ra ojú irin. Tí bàbá yín, ìyá yín tàbí aládùúgbò yín bá ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ní Lafẹ́nwá ni o, Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Ọ̀fà, ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin yìí lónìí. Ilẹ̀kùn mélòó ló wà lẹ́yìn? Àwọ̀ wo ni wọ́n fi kun fèrèsé? Níbo ni omi wà? Ta ló ń ta oúnjẹ, níbo ló sì ń jókòó? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Tí ìdáhùn wọn bá yí padà lọ́la, ẹ kọ ìyẹn náà sí i.

Ẹ fi ránṣẹ́ sínú DM mi. Màá kọ́ ọ.